Àwọn Lẹ́tà Tó Dé Kí Wọ́n Tó Fi Wọ́n Ránṣẹ́

Rosanda ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni Nenad ọkọ rẹ, ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Teodora kékeré ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù tán? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí àìsàn, kí Nikola Mímọ́ tó ń ṣọ́ ilé wa máa bá yín ṣọ́ àtẹ̀gùn ilé yín tó ga bí òkè yẹn, kí ẹnikẹ́ni má yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Tí o bá béèrè èmi, ara mi le, àfi orúnkún òsì, ìyẹn náà ò sì tíì gba okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Màlúù ti bí, akọ ni. Ọtí rakija tí mo pọn lọ́dún yìí mú débi pé Miljko, aládùúgbò wa, tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá ó dára, ó tún ní kí n bu òmíràn. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí búrẹ́dì, mo pa á kí iná inú rẹ̀ má baà tán, ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀ ni màá tàn án, nítorí náà má wulẹ̀ máa pè.

Má wo òkè lẹ́tà yìí pé n kò kọ ọjọ́ sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ọjọ́ ló kó wa sí wàhálà, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dobrila apín-lẹ́tà, Dobrila tí ẹ jọ lọ sílé ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn.

Nígbà tí a ń gbọn èso plọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti ìlú ńlá, ó ní wọ́n háyà iléeṣẹ́ àwọn pé kí àwọn máa wọn iṣẹ́ pósọ́fíìsì. Mo gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn wàràkàṣì jáde fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ìwúwo ni àwọn ń wọn, ọjọ́ ni. Ó ní àwọn ọ̀gá lókè ti pinnu pé lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lójú ọ̀nà, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, ó kéré tán, àádọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ dé nígbà tó yẹ. Báwọn ṣe máa ń mọ̀ ni pé àwọn á ní kí àwọn èèyàn kan ju lẹ́tà sínú àpótí ní ìlú tiwọn, kí àwọn èèyàn bíi tèmi gbà á, ká wá kọ ọjọ́ tó dé sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní ọjọ́ tó tọ́ gan-an ni kí n kọ o, kí n má fojú díwọ̀n. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ sí i, pàápàá jù lọ apín-lẹ́tà, torí tó bá mọ̀, lẹ́tà tèmi nìkan ni yóò máa sáré gbé wá. Mo búra níwájú àwòrán Nikola Mímọ́. Ó ní kò tó ìbúra, mo ní ó tó o.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wá láti Subotica, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Olivera. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi bébà funfun. Ó lè jẹ́ pé ọmọbìnrin yẹn ti sọ fún mi pé bó ṣe máa rí nìyẹn, n ò rántí. Àánú obìnrin náà ṣe mí, mo jókòó mo kọ̀wé sí i pé ìyá, ẹ gbàgbé láti kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, mo wá sọ fún un nípa oyún màlúù kó má baà rò pé mò ń bú òun. Kò dáhùn. Èkejì wá láti Niš, ẹ̀kẹta láti Vranje, òfìfo ni gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Màá fà súnmọ́ sítóòfù, màá ṣí lẹ́tà, màá wo bébà funfun náà dáadáa lójú méjèèjì, màá sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé mi àti sínú fọ́ọ̀mù.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Dobrila ń gun òkè bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí ọwọ́ obìnrin kọ, yóò wá máa wo ojú mi, yóò ní ṣé kí àwọn ti máa dá owó ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Miljko sọ pé obìnrin mẹ́rin láti ìlú mẹ́rin ló ń kọ̀wé sí mi, pé òun ò mọ̀ pé agogo tí mò ń lù ń dún dé Subotica. Bàbá àlùfáà pàápàá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi mí bóyá ohun kan wà tó yẹ kí n jẹ́wọ́. Mo ní rárá. Kí ìyá rẹ tó wà ní ibojì jẹ́rìí mi pé bébà funfun lásán ni.

Ló bá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ funfun kan gun òkè wa. Ìdí okùn agogo ni mo wà tí Miljko fi sáré dé, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, Dobrila ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan láti oríléeṣẹ́ pósọ́fíìsì ń pè é ní oníjìbìtì. Mo débẹ̀, ọkùnrin náà rèé lóòótọ́, ọmọbìnrin ìjọ́sí dúró tì í, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin náà ní láti oṣù Kẹwàá, gbogbo lẹ́tà tó wá sí abúlé Lokvice wa yìí ló dé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n jù sínú àpótí ní Subotica lógúnjọ́ oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ló dé ọwọ́ mi. Ó ní Dobrila ti mọ ẹni tó ń bá àwọn kọ ọjọ́, àwa méjèèjì la jọ jókòó tí a hùmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun máa gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwa ará òkè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ gba lẹ́tà wa nílùú, kìlómítà méjìdínlógún, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Èmi ò tiẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo sọ fún un pé tí lẹ́tà ò bá gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí Dobrila wá ń gbé e dé kí wọ́n tó kọ ọ́ pàápàá, ṣebí oyè ló yẹ kí wọ́n fi í jẹ. Ó wò mí bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní kí a lọ sílé, kí n mú ìwé mi wá.

Ó ń ṣí i lójúewé lójúewé, ó wá dúró síbi tí mo kọ ọ́ sí pé ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, ọjọ́ Nikola Mímọ́, Dobrila dé pẹ̀lú yìnyín lórí, mo fún un ní ẹja àti ẹ̀wà. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni ọjọ́ Nikola Mímọ́. Mo ní ọjọ́ kẹfà ni, ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà? Ó ní ilé tí Nikola Mímọ́ ti jẹ́ ẹni mímọ́ ilé náà láti ayé bàbá bàbá òun ni, àti pé ọjọ́ kọkàndínlógún ni àwọn máa ń jẹ ẹja tiwọn. Mo ní ọjọ́ kan náà kọ́ nìyẹn ni? Mo fà á lọ́wọ́ lọ sídìí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, níbi tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà méjì, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìjọba, mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń lu agogo, òun náà ni mo kọ, torí ọjọ́ tó tọ́ ni wọ́n ní kí n kọ. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ọjọ́ ìjọba tọ́ ju ọjọ́ Ọlọ́run lọ?

Ó na ìka rẹ̀, ó kà á dé mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ló jókòó gbì sórí àga ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bu rakija fún un. Wọ́n fi mẹ́tàlá kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Ẹyọ kan péré ló lo márùn-ún, ìyẹn lọ́sẹ̀ tí yìnyín dí ọ̀nà. Ó ní ní gbogbo agbègbè yìí, òun ò tíì rí apín-lẹ́tà tó ṣe dáadáa tó báyìí. Dobrila dì mọ́ mi. Ó wá rò ó, ó ní áà, Bàbá Vukoman, a jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú àwọn obìnrin yẹn tó fẹ́ràn yín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé níwọ̀n bí àṣírí ti tú, àwọn ò lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ó tún ní tí a bá yọ ìwé owó iná àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò, láti oṣù Kẹwàá, kò sí lẹ́tà mìíràn tó gun òkè yìí ju àwọn tí àwọn fi ń dán wa wò lọ. Dídé lákòókò dára, àmọ́ ohun tó máa dé ńkọ́? Lọ́jọ́ Peteru Mímọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tún ka lẹ́tà wa, tí kò bá sí, wọ́n á fòpin sí pípín lẹ́tà lórí òkè wa. Ó ní kì í ṣe òun ló ń pinnu. Mo gbà á gbọ́, ó ṣáà ń ṣe ọdún Nikola Mímọ́ bíi tiwa. Dobrila ò tíì mọ̀. Ọmọ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀, Rosanda.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ, àárò àwọn lẹ́tà òfìfo yẹn ń sọ mí. Mo ṣì ń lọ dúró sídìí ọgbà lọ́jọ́ tí Dobrila bá ń bọ̀. Yóò juwọ́ sí mi, yóò sì kọjá.

Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ibí yìí lo ti máa ń rí i tí mò ń tọrọ owó. Igi ìdáná ti ń tán lóòótọ́, òróró orúnkún náà sì ti tán. Ṣùgbọ́n owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ra sítáǹbù. Lẹ́tà yìí, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì ni mo kọ ọ́, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta tiyín. Bó bá ti dé, kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ kí o fi í ránṣẹ́ sí mi, torí ìwé mi ṣì ní ojúewé tó ṣófo.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa rí ṣe, kí ilé rẹ má gbóná jù, kó má tutù jù, kí Teodora fi eyín rẹ̀ jẹ ẹja Nikola Mímọ́ nínú ilé yìí lójú mi. Kọ̀wé sí mi, ọmọ mi. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí o kò rí nǹkan kan sọ, fi bébà funfun sínú rẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Vukoman