Àpò Ẹ̀jẹ̀ Méjì Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

                                        Ilé Ìtẹ̀wé, Àjà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé gbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn? Ọkọ yín ńkọ́, ìyá ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti dìde lórí ibùsùn? Àkọ́bí yín ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń fi ìwé bojú nígbàkígbà tí ẹ bá ní kó fọ abọ́? Àbúrò rẹ̀, Adájọ́ wa, wá ńkọ́? Ṣé ó ti gba ẹ̀jẹ̀ tòṣù yìí, ṣé wọ́n sì rí iṣan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí wọ́n tún gún un káàkiri bíi ti oṣù tó kọjá? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ń jẹun. Mi ò lè sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà síwájú. Kò sẹ́ni tó kú o. Mo mọ̀ yín, bí mo ṣe ní kí ẹ jókòó yìí, ẹ ti dìde nìyẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín. Nínú lẹ́tà mi tó kọjá, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò fi gba ẹ̀jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gba àpò méjì lọ́sẹ̀ keje, mo sì fi pamọ́ fún gbogbo ayé.

Ká ní èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó ṣeé ṣe kí n gbé e mì, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yín dé. Ẹ ní ẹ ti sọ fún àwọn dókítà ọ̀hún pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró lórí mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n fẹ́ gbà lára àkọ́bí yín fún Adájọ́, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ẹ ní nígbà tí oògùn ìwádìí ti ṣiṣẹ́ lára àbúrò yín báyìí, kí lẹ ń wá nínú ewu? Ẹ ó kúkú dúró títí wọn ó fi máa gba ọmọdé sínú ìwádìí wa. Ẹ tún ní wọ́n fún yín di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí kí wọ́n tó fi ààyè rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ yẹn ni mo ń kà ní àkàtúnkà. Mo ń kà á lẹ́nu iṣẹ́, débi pé ọ̀gá wa bi mí bóyá obìnrin ló kọ̀wé sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa tí talasémíà, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ wa yìí, ń bá fínra, tí a ò lè ṣe kí a má gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ni wọ́n ṣà jọ fún ìwádìí náà. Wọ́n ń gún wa ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rò pé ó lè ran ara wa lọ́wọ́ láti máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dáa fúnra rẹ̀. Oògùn náà gan-an ni àwọn kan ń gbà, omi lásán ni wọ́n ń gún fún àwọn tó kù. Nọ́ọ̀sì ò mọ ẹni tó ń gba èwo, dókítà ò mọ̀, èmi tí wọ́n ń gún náà ò mọ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kà. Mélòó lo máa ń gbà tẹ́lẹ̀, mélòó lo gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá? Wọ́n wá fún kálukú ní ìwé pélébé kan, pé kí a máa kọ bí ara wa ṣe rí lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ yòówù tí a bá gbà níbòmíràn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ mi ò lọ sílẹ̀ débi tí wọ́n á fi fà sí mi lára. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó ṣì dúró. Nọ́ọ̀sì wa, èyí tí mo sọ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ nítorí pé a kì í mọ ìgbà tó gún wa, fò sókè lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọ ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó fò sókè nítorí èmi rí. Ojú àánú ni wọ́n máa ń fi wò mí. Inú mi dùn débi tí mo fi ra ọsàn lọ fún wọn.

Lọ́sẹ̀ keje, àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé wa sọ òótọ́ fún mi. Mo gbé ìdì bébà kan, mo gun àtẹ̀gùn márùn-ún, àyà mi ń lù kìkì, ojú mi ṣú. Mo jókòó síbẹ̀, mo díbọ́n pé okùn bàtà mi ló tú. Bàtà mi ò ní okùn. Ó yẹ kí n lọ bá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ mo ń rí i bó ṣe fò sókè. Mo bá yà sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ilé mi, tí wọ́n ti mọ̀ mí látayébáyé. Wọ́n fa àpò méjì sí mi lára. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà, àpò méjì, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ rí i pé mo kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, kí n tó yọ ìwé jáde nínú àpò, èsì ẹ̀jẹ̀ mi ti dé. Ó ga. Dókítà àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án! Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń fi aṣọ nu ojú. Wọ́n béèrè ìwé mi, mo ní mo gbàgbé ẹ̀ sílé, kí wọ́n fún mi di ọ̀la.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìwé ni mò ń dì. Ẹlòmíì ì bá fa bébà ya, wọn ì bá sì mọ̀. Èmi tú okùn ìwé náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo yọ bébà tí mo kọ ọ́ sí, mo wá irú bébà bẹ́ẹ̀ nínú àjákù wa, mo fa ìlà sí i, mo fi bírò kan náà da àwọn ọjọ́ yòókù kọ, mo sì rán an padà gba ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀gá wa gan-an ò lè mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà sí yín, tí mo ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n mi ò ya bébà tí mo yọ. Mo fi í sáàárín páálí lábẹ́ tábìlì mi, ó sì wà níbẹ̀ tó ń wò mí.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tí ìdáhùn yín dé. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo bá bi yín nípa orúnkún. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ yín ló gbé e, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe oògùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, Adájọ́ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í kí èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó ní, "Àǹkúù, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dùn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lẹ ò gba ẹ̀jẹ̀ mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ búra." Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹnìkan ń pè mí, mo sì pa fóònù.

Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin ń gún mi ní abẹ́rẹ́ níkùn lójoojúmọ́ láti fi yọ irin tí ẹ̀jẹ̀ ń kó sí mi lára? Ẹ ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Èmi á fi èékánná há yín lápá, ẹ ò sì ní jẹ́ kí Màmá rí àpá rẹ̀. Ẹ̀yin yẹn ni mo parọ́ fún.

Àná ni ọ̀sẹ̀ kejìlá pé, tí wọ́n máa ka àpò ẹ̀jẹ̀. Mo mú páálí yẹn dání. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń múra láti gún mi, mo ní kó dúró. Mo gbé bébà náà sórí tábìlì, mo ṣí ìwé pélébé, mo sì tú okùn rẹ̀ níṣojú rẹ̀ kó lè rí bí mo ṣe ṣe é. Ó wá ní, "Ìwọ tí mo fi ń gba àwọn tó kù níyànjú?" Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. Ó mú bírò, ó ní kí n ka ọjọ́ yẹn fún òun.

Dókítà ní wọn ò lè lo àkọsílẹ̀ mi bó ṣe wà mọ́, àwọn àgbààgbà ìwádìí ló máa pinnu bóyá wọ́n á ṣì máa gún mi. Lójú tèmi, wọ́n á yọ mí. Ohun tó ń dùn mí jù rè é: kó tó di ìsinsìnyí, mi ò lè rìn kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì rìn dé méje. Bóyá oògùn náà ń ṣe díẹ̀. Bóyá omi lásán ni, tí inú dídùn gbé mi rìn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù láyé, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ mi lánàá, ó ti já wálẹ̀, lọ́la ni mo máa lọ gbà á.

Mo sọ ti Adájọ́ fún dókítà. Ó ní òun ò lè pinnu fún yín, ewu wà nínú gbígba mùdùnmúdùn lóòótọ́, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló mọ bí ewu náà ṣe tó. Àmọ́ ó ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní ọmọ ìyá tí ara wọn bára mu, àti pé irin á máa wọ ẹ̀dọ̀ ọmọ náà sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n á gba ọmọdé sínú ìwádìí wa, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà yín, mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí náà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò ju pé kí ẹ padà lọ bá àwọn dókítà yín kí ọgbọ̀njọ́ tó pé, kí ẹ ní kí wọ́n má tíì fi ààyè yẹn fún ẹlòmíràn, kí ẹ wá tún un rò láìfi tèmi kún un. Awakọ̀ wa tó ń kó ìwé bọ̀ lọ́dọ̀ yín ló mú lẹ́tà yìí dání. Mo ní kó má fún ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kó má bínú jù. Ẹ kí ìyá ọkọ yín. Ẹ sọ fún àkọ́bí yín pé mo ń di ìwé kan fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ á le dáadáa.

Ẹ sọ fún Adájọ́ pé mo gba àpò méjì. Ó máa bi yín pé kí ló dé tí mo parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí. Ẹ gbé fóònù fún un, kó pè mí, kó bi mí fúnra rẹ̀. Màá gbé e.

Èmi ni ọmọ ìyá yín tí ẹ gún títí tí kò fi kú,

Adìwé.