Igbá Kì í Rántí: Ìgbésí Ayé Olùkọ́ Ṣàkírù Ọlátúnjí Bùsàrí (1968–2025)

A bí Olóògbé ní àdúgbò Koko, ní ìlú Bouaké, Côte d'Ivoire, ní ọdún 1968. Bàbá wọn, Alàájì Tàjúdínì Bùsàrí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta abọ́ ní ọjà ńlá. Shakirat ni ìyá wọn. Bí ará ọjà bá bèèrè ìgbà tí ọmọ yìí máa jókòó ti ọjà, bàbá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìwé ni ìsọ̀ tirẹ̀."

Olóògbé gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Abidjan ní 1993, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní Sakassou. Ní 1999 wọ́n fẹ́ Jùmọ̀kẹ́, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Brobo.

Ní 2008 wọ́n padà sí Bouaké láti máa kọ́ àwọn ọmọ lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní génétique, ẹ̀kọ́ ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Wọ́n kọ́ wọn pé bí bàbá àti ìyá bá gbé irúgbìn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sára, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ìpín àìsàn fún ọmọ. Gbogbo kíláàsì yege.

Ní 2010 Olóògbé ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré: Kí ni mo rò? Kí ló mú mi rò bẹ́ẹ̀? Ibo ló ṣì ṣókùnkùn sí mi? Mounira, tó ń ṣe ipò kìíní, kọ ọ́ pé, "Àbúrò mi ti ní àrùn náà, ọ̀kan nínú mẹ́rin ti pé. Ọkàn wa balẹ̀ lórí oyún Màmá." Olóògbé tún un kà. Ọmọ náà ti yege, kò sì tíì yé e. Wọ́n ní ẹ̀bi náà, tàwọn ni.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé igbá méjì wá, ọ̀kan dúró fún bàbá, èkejì fún ìyá, ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ẹyọ kan nínú igbá kọ̀ọ̀kan. Pupa méjì túmọ̀ sí ọmọ tó ní àìsàn náà. Lẹ́yìn náà á dá a padà kí ó tó mú ti ọmọ tó kàn. Mounira mú pupa méjì lẹ́ẹ̀mejì léraléra.

"Monsieur, ó tún lè rí bẹ́ẹ̀?"

"Igbá kì í rántí, ọmọ mi."

Wọ́n gbé igbá náà dé ilé Mounira. Bàbá rẹ̀ bínú: kí ló kan ẹlẹ́wà nínú oyún ìyàwó òun? Ìyá ni ó na ọwọ́ sí igbá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bímọ ni a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, a sì rí àrùn náà. Ìtọ́jú ṣáájú ìrora. Ọmọ náà, Souleymane, ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó sì jókòó láàárín wa lónìí.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń pe Olóògbé ní Monsieur Haricot, Ọ̀gá Ẹlẹ́wà. Bí Olóògbé bá kí ìrun Jímọ̀ tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ọgbà mọ́ṣáláṣí, igbá méjèèjì níwájú wọn, láti kọ́ ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n gbé igbá náà dé ìlú Diabo pẹ̀lú. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ ìyàwó wọn ní ìwé ní 2016, nígbà tí orí rẹ̀ ti ń wu ewú.

Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, Fadila, Tawheed àti Samira, àti ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀. Mounira, tó ti di olùkọ́, ti wá gba igbá méjèèjì lọ́wọ́ ẹbí.

Kí Ọlọ́run tó ni yín gbà yín padà pẹ̀lú àánú. Ẹ sùn re o, Ọ̀gá Ẹlẹ́wà. Bí igbá kò tilẹ̀ rántí, àwa ó rántí.