Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́ta Tí Kò Gbúròó Ara Wọn

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Àkàngbé,
Yábàá, Èkó.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Rùkáyàt, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa dìde lórí ìrun láìsí pé wọ́n ń di ògiri mú? Bàbá ńkọ́? Àbúrò rẹ ọkùnrin ńkọ́, ṣé ó ti padà sí iléèwé àbí ó ṣì ń bínú? Àwọn oníbàárà tó ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń na fóònù sí ọ pé kí o bá àwọn wá ohun tí àwọn fúnra wọn ò mọ ibi tí àwọn fi pamọ́ sí? Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Èmi náà wà. Ara mi dá, mò ń jẹun, òrùlé wa nìkan ló ń jò, a sì ti gbé báfù sí abẹ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. O ní onílé ṣọ́ọ̀bù rẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gba ṣọ́ọ̀bù náà fún ọdún tó ń bọ̀, àbí kí òun fún ẹlẹ́ran tó ti ń yọjú wò ó. O ní ọ̀rọ̀ mi lo ń retí, torí èmi ni mo sọ fún ọ pé Ẹ̀gbọ́n Níyì, ọ̀gá wa, ní àga kan wà fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní ọ́fíìsì. Mi ò pè ọ́ padà torí o mọ̀ mí: tí o bá ti ní, “Àràmídé, sọ̀rọ̀ sókè,” ọ̀rọ̀ mi tán nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, màá sì fi rán awakọ̀ kan tó ń na ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín láti Ìdó. Jọ̀ọ́, kà á dé ìparí kí o tó bínú.

O rántí Jáfà, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí a jọ kọ́ ní Yábàá níbí lẹ́yìn tí a jáde ìwé mẹ́wàá, tí olùkọ́ wa máa ń sọ pé kí á má kọ iṣẹ́ gbọọrọ bí okùn, kí á gé e sí apá kéékèèké, kí apá kan lè bàjẹ́ láìpa ìyókù lára? Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ Àǹtí Caroline. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́ta: ọ̀kan ní Ìdí-Àràbà, ọ̀kan ní Sùúrùlérè, ọ̀kan ní Muṣin. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò le létí. Tí ẹnì kan bá dé Sùúrùlérè tí oògùn tó ń wá ò sí níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà Sùúrùlérè bi àwọn méjì yòókù léèrè, kó sì sọ ibi tó wà lójú ẹsẹ̀, kí aláìsàn má baà máa rìn kiri. Apá tó ń béèrè wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, apá tó ń dáhùn náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ èmi àti Akínọlá, ọmọ yunifásítì tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, ni láti jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn kí wọ́n sì so pọ̀. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń gbé ọ́fíìsì wa ró. Àwọn oníbàárà yòókù ti yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orí tábìlì kan la ti ṣe é. A to kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, gbogbo wọn ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. A kọ ọ́ sínú ètò wọn pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kó ké sí gbogbo ilé: èmi Muṣin nìyí, mo ti dé, ẹ wá bá mi. Àwọn yòókù á gbọ́, wọ́n á sì dáhùn. Rùkáyàt, ó dùn ún wò. Kí o tó mí, wọ́n ti rí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n Níyì ya fọ́tò tábìlì náà, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ra mínírà tútù fún wa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa bọ̀.

Nígbà tí a gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n di adití. Igbe inú ilé kì í kọjá ògiri ilé. Muṣin ń ké, inú Muṣin nìkan ló ti ń ró. Akínọlá ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, òun kàn rò pé èmi ti tún un ṣe. Èmi náà rò pé òun ti tún un ṣe.

A wá gbé alárinà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ni, tí a háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kì í sùn. Ṣọ́ọ̀bù tó bá jí á lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé. Ẹni tó ń wá a á lọ bi alárinà. Ìyẹn náà kọ́kọ́ dà wá láàmú, torí àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀ ni èyí tó fi ń pe ara rẹ̀ nínú ilé, bí ẹni tó kọ “ọ̀dọ̀ mi” sí ẹ̀yìn àpòòwé. Sùúrùlérè á gba àdírẹ́sì Muṣin, á tẹ̀ lé e, á sì lọ kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. A rí ìyẹn. A gba àdírẹ́sì tí kì í yí padà fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ sínú ètò wọn. Ó ṣiṣẹ́. Mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, mo tiẹ̀ fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn kejì sílẹ̀ dè ọ́.

Iná ló wá kù.

Alárinà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ń ránṣẹ́ sí i léraléra pé òun ṣì ń mí. Tó bá dákẹ́ pẹ́ ju bí a ṣe kọ ọ́ sínú ètò lọ, alárinà á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ mi ni ìyẹn wà: báwo ló ṣe máa dákẹ́ pẹ́ tó kí á tó pè é ní òkú? Mo kọ́kọ́ fi sí kékeré. Ṣùgbọ́n ní Muṣin, wọ́n ń mú iná lọ, wọ́n ń mú un wá, bí ẹni ń ṣeré. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, alárinà ti pa Muṣin rẹ́, ẹni tó bá sì béèrè oògùn lásìkò yẹn á gbọ́ pé Muṣin ò sí. Mo wá fà á gùn, kí alárinà lè ní sùúrù fún iná wa. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ Sìmíátù.

Sìmíátù ló ń tajà ní Muṣin. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: tí o bá ń jáde, yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí iná tó bá ń padà bọ̀ lè fi agbára wọlé kó jó wọn. Fíríìjì ìyá rẹ̀ ti jóná bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, tó bá ń lọ kírun tàbí tó fẹ́ lọ ra oúnjẹ, á ti ṣọ́ọ̀bù, á sì yọ kọ̀ǹpútà. Kì í pa á o, á kàn fà á yọ ni. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fà yọ bẹ́ẹ̀ kì í dágbére fún ẹnikẹ́ni. Alárinà, tí èmi fúnra mi ti kọ́ ní sùúrù, á ṣì máa sọ fún Sùúrùlérè pé Muṣin wà, ẹ lọ bá a. Sùúrùlérè á lọ, á kan ilẹ̀kùn, á dúró. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á gan pa.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Àǹtí Kọ̀ǹpútà, tó bá jóná, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Àǹtí Caroline pé ẹ̀yin lẹ ní kí n má yọ ọ́?”

Mo ní sìtébíláísà wà níbẹ̀.

“Ti ilé wa náà ní sìtébíláísà. Àwọn méjèèjì ló jọ jóná.”

Kò bú mi, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́jú nǹkan tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Mo gba ilé lọ.

Jímọ̀ tó kọjá ló bàjẹ́ tán. Àǹtí Caroline pe èmi àti Akínọlá wá sí Sùúrùlérè kí wọ́n lè fojú ara wọn rí iṣẹ́ náà. Obìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ, ó ń wá oògùn gìrì tí dókítà kọ fún un. Kò sí ní Sùúrùlérè. Motọ́lání tó ń tajà níbẹ̀ tẹ orúkọ oògùn náà. Kọ̀ǹpútà gan. Mo wo aago ara ògiri, mo sì ti mọ̀: Sìmíátù ti lọ kí Jímọ̀. Motọ́lání ń sọ pé, “Ẹ ní sùúrù, mà, ó ń wá a.” Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní, “Ṣé Sọ́díà ló ti ń wá a ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó tún ọmọ pọ̀n, ó jáde, ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. Mi ò mọ ibi tó gbà.

Àǹtí Caroline ò pariwo. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe Sìmíátù títí ó fi gbé e.

“Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Ó wà, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní mọ́ṣáláṣí ni.”

Wọ́n yíjú sí wa. “Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Fóònù mi ò lọ iléèwé kankan, ó rí Muṣin.”

Mo fẹ́ sọ pé fóònù náà kò lè rí Sìmíátù nígbà tó wà lórí ìrun, pé ìparí ìrun ló bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ta ni àlàyé mi fẹ́ ṣe láǹfààní? Wọ́n ní tí oṣù yìí bá parí, kí á wá kó ẹrù wa.

Mo ti gbìyànjú lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ti kọ àdírẹ́sì Muṣin mọ́ Sùúrùlérè lára kó má bi alárinà mọ́. Ìyẹn ò jí kọ̀ǹpútà tí wọ́n yọ. Mo ti dín iye àkókò tí Sùúrùlérè fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kù. Lóòótọ́ kì í gan mọ́. Ó wá ń yára sọ pé oògùn ò sí, nígbà tó wà. Irọ́ tó ń fi àkókò ṣòfò tẹ́lẹ̀ ti di irọ́ kíákíá, ohun tí mo rí tún ṣe nìyẹn. Bátìrì ńlá tó lè gbé Muṣin dúró bí wọ́n tiẹ̀ yọ ọ́ ló máa tán an, Àǹtí Caroline sì ní àwọn ò ra nǹkan mìíràn fún wa. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Lánàá, Mọ́ńdè, àga Akínọlá ṣófo. Ó ti ríṣẹ́ síbòmíì. Ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí mi lórí fóònù pé, “Àràmídé, má bínú. Mi ò lè máa ṣọ́ ẹni tó ti kú.” Ẹ̀gbọ́n Níyì ṣì ń sọ pé kí n ní kí o máa bọ̀, pé ẹsẹ̀ tuntun lè mú ire wọlé. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wá ní ọ̀sán, ó fi téèpù wọn tábìlì náà, ìbú àti òòró, tábìlì tí wọ́n gbàdúrà lé lórí. Ẹ̀gbọ́n Níyì ò sọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Èmi náà ò béèrè.

Ìdáhùn mi nìyẹn, Rùkáyàt. Má fi ṣọ́ọ̀bù rẹ sílẹ̀. Lọ bá onílé lónìí tí lẹ́tà yìí bá dé, sọ pé ò ń gbà á. Kí ẹlẹ́ran wá ibòmíì. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé Èkó lò ń bọ̀. Sọ pé èmi ni mo ní kí o dúró.

Mo ṣì ń wo alárinà láràárọ̀. Lónìí, mo rí Muṣin níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ hàn kedere, ó ń ránṣẹ́ pé òun wà, òun wà. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Motọ́lání ti ń pe Sìmíátù lórí fóònù, ó sì ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà tiwọn nítorí eruku. Mo jókòó ti Muṣin títí ó fi dákẹ́. Bóyá àkókò ìrun ni, bóyá iná ni. Láti ibi tí mo wà, bákan náà ni wọ́n rí.

Bá mi kí Bàbá àti àbúrò rẹ. Bá mi kí ìyá rẹ dáadáa, sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ, má sọ ìyókù.

O sọ nígbà kan pé àga onígi kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, pé o fẹ́ jù ú nù. Jọ̀ọ́, má tíì jù ú nù. Mi ò sọ pé mò ń bọ̀ o. Mo kàn ní kí o má tíì jù ú nù.

Èmi ni, tìrẹ bíi ti àtijọ́,
Àràmídé.