Màmá Àgátà Masue Hamasaki àti Ihò Ìṣó Ara Ògiri

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, ọdún 1946, ni a bí Màmá Àgátà Masue ní erékùṣù Fukue, fún Jinpachi Urakubo, ayafọ́tò, àti Tome aya rẹ̀. Ilé ìwé àwọn Sísítà, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, ni Màmá lọ. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún méje, wọ́n ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá dúdú tí bàbá wọn ti ń fọ fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, fọ́tò kan ṣoṣo tí aládùúgbò kan ní ti ọmọ rẹ̀ tó kú sì bàjẹ́. Bàbá kò lù wọ́n. Ẹkún ìyá ọmọ náà ni wọ́n gbọ́, láti ọjọ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ní ọdún 1971, wọ́n fẹ́ Kiyoharu Hamasaki, awakọ̀ ojú irin ní Fukuoka. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1990, àrùn ìgbàgbé mú Tome ìyá wọn, títí kò fi mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ní 1994, Màmá gba iṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iriguchi, tó ń wádìí bí àwọn purotéènì inú ọpọlọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ra nínú àrùn náà. Ìdìmọ́ra wọn kì í pẹ́ tú. Nítorí náà, wọn a po omi pupa tí a fi irin ruténíọ̀mù ṣe mọ́ wọn, wọn a tan ìmọ́lẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ìmọ́lẹ̀ a jí irin náà, irin a so àwọn tó fara kanra pọ̀, wọn kò sì ní lè túká mọ́. Ojú kámẹ́rà àtijọ́ bàbá Màmá, tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ni wọ́n fi ń wọn ìṣẹ́jú àáyá náà, nínú yàrá tó ṣókùnkùn birimù.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, Màmá yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá àti ìṣó rẹ̀ kúrò lára ògiri yàrá náà, wọ́n gbé tuntun kọ́ sórí ìṣó mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rí i pé purotéènì inú ìgò tí a kò tan ìmọ́lẹ̀ sí rárá ti so pọ̀. Wọ́n yíjú. Ihò ìṣó àtijọ́ ń mú oòrùn wọlé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ka èsì ìwádìí náà níwájú àwọn onímọ̀. Màmá ì bá da ìgò náà nù, ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n orí irọ́ ni wọn ì bá wá kọ́ ìwòsàn àwọn ìyá bíi Tome lé. Wọ́n gbé ìgò náà tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

“Ọ̀gá, èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ lé wọn lọ wo ihò náà. “Masue-san, kàlẹ́ńdà yín ti fún mi ní ìsinmi. N ò níbi kankan lọ lóṣù tó ń bọ̀ mọ́. Ẹ bá mi wá nǹkan dúdú lẹ̀ ẹ́.”

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi tún ìwádìí náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsì kejì kò jọ ti àkọ́kọ́.

Ní 2017, Màmá kò mọ ọ̀nà ilé láti ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n mọ̀ pé àrùn ìyá wọn ló dé, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé gbogbo wa nínú ẹbí, ẹ̀rù nìkan ni kò lọ. Wọn a máa fọwọ́ pa ògiri kiri.

“Màmá, kò sí ihò níbẹ̀,” ni Chinami ọmọ wọn a wí.

“Sísítà, ẹ ò wò ó dáadáa. Ẹ tún un wò,” ni Màmá a dáhùn, bí ẹni ń bá olùkọ́ wọn ìgbà èwe sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 2023. Ọkọ wọn, Kiyoharu, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Chinami àti Yasutaka, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

Màmá, a ti tún ògiri wò. Kò sí ihò kankan. Ẹ sùn re o.