Ìtàkùn Kíwì Tí Mo Gé

Ilé Onífèrèsé Aláwọ̀ Ewé,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, ẹni iyì tí ẹnu mi kì í sinmi ìyìn rẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, mo sì kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀? Ṣé ìwọ náà ń rí oorun sùn? Ọlọ́run yóò dá a padà sílé fún wa láyọ̀.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lánàá, o bi mí pé, "Ṣé akọ kíwì ti ń yọ òdòdó? O mọ̀ pé abo kò lè so láìsí i." Mo dáhùn pé, "Ara wọn le, ọ̀rẹ́ mi." Irọ́ ni mo pa. N kò mọ̀ ọ́n rí, ìgbà tí o sọ ọ́ ni mo tó mọ̀, mo sì ti fi ayùn gé akọ lulẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ àti onígbàjámọ̀ àdúgbò wá wo ọgbà tí o fi sí ìkáwọ́ mi. O mọ bí mo ṣe máa ń rí tí mo bá ti rí ẹni méjì tó ń gbọ́. Mo yin ìtàkùn tó máa ń so èso kíwì, èso onírun tí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Mo wá kọjú sí èkejì tí wọ́n jọ rà lé pẹpẹ igi kan náà, tí n kò rí èso lórí rẹ̀ rí, mo ní, "Ìwọ ọ̀lẹ tó gba ìdajì pẹpẹ, kí lo mú wá sílé?" Aránṣọ pariwo, "Bàbá, ẹ lé e jáde! Ọkọ mi pàápàá ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ!" Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dé ìdí ayùn.

Mo mọ̀ pé èso yìí nìkan ni ẹnu ìyàwó wa ń gbà, òun ló sì ń retí nígbà tó bá délé. Ìdí nìyí tí mo fi purọ́ fún ọ.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bẹ olùtọ́jú ọgbà ilé-ìwé, ó já òdòdó akọ kíwì tiwọn kún abọ́ kan fún mi. Mo gun àkàsọ̀, mo ń fi wọ́n ra òdòdó abo lọ́kọ̀ọ̀kan, kí lẹ́búlẹ́bú akọ lè lẹ̀ mọ́ abo lára, bóyá yóò so. Aránṣọ ń kọjá, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu yín lónìí?" Mo mú òdòdó mìíràn nínú abọ́. Bóyá yóò so, bóyá kò ní so, n kò lè sọ.

Bí o bá ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ ọgbà fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì sọ fún ìyàwó wa. Ẹnu mi ló kó wa sí i, ẹnu mi ni kí ó ti gbọ́ ọ.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí àǹtí wọn tó ń sùn ti ìyá wọn.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi,

Ẹlẹ́nu Oyin.