Kọ̀ǹpútà Tó Ní Ìsàlẹ̀ Lòun Wà

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, alága gbogbo onílé àdúgbò, ẹni tó bá húkọ́ tí ìpàdé á pa lọ́lọ́, ni mò ń kọ̀wé yìí. Ṣé o gúnlẹ̀ láyọ̀ lánàá? Ojú kò ní tì wá lórí rẹ. Ara gbogbo wa le, àfi kọ̀ǹpútà tí o gbé wá. Fóònù mi sì wà lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe, ni mo ṣe gbé kálàmù.

Bí o ṣe lọ báyìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ọ̀tunla, lọ́sàn-án gangan, ni fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àbúrò rẹ máa parí, kò sì tíì ráyè fi ránṣẹ́. Kò jẹun, ó kàn jókòó ti ẹ̀rọ náà bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Èmi náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n ní DOWN ló kọ, pé ìsàlẹ̀ lòun wà. Ṣé ìyẹn náà le? Mo ké sí wẹ́dà, a gbé e sórí tábìlì, ó ní ìsàlẹ̀. A gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, orí rẹ̀ ń kan àjà, ìsàlẹ̀ náà ló ń wí. A ní kó pe ẹ̀rọ ìta, kẹ́kẹ́ pa. Ó pe ara rẹ̀, ó jẹ́ ara rẹ̀ lóhùn kíá! Mo ní àìsàn orí nìyẹn. Ó ní ROOT, ìyẹn gbòǹgbò, nìkan ló lè gbé òun dìde. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, n kò rí gbòǹgbò kankan. Wẹ́dà ní bó bá di ọ̀la, òun á fi ṣísù la ikùn rẹ̀.

Jọ̀ọ́, di nẹ́tíwọ́ọ̀kì díẹ̀ sínú ọ̀rá fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, so ó le kó má jò. Fi owó káfíńtà sí i, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti já. Ẹni tí o bá pè yóò máa dá ọ lóhùn, o ò ní wà nísàlẹ̀ láé. Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀ọ́.

Áà, “ẹ” ti bọ́ lẹ́nu mi. Bàbá wo ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní “ẹ”? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ìjàngbọ̀n yín ni. Bàbá wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n ń pọ́n ṣísù. Nígbà tí ẹ ń dágbére lẹ́nu géètì lánàá, mo rí i pé ẹ kò ti gbòǹgbò, àyè ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, pa, mo bá tẹ DOWN fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo kàn fẹ́ kí Sìsítà onífọ́ọ̀mù pariwo díẹ̀ ni. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ UP, ó ti tì, ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí yín wá. Sìsítà kò tiẹ̀ pariwo. Ẹkún ló ń sun.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà sínú èsì, ẹ kọ ọ́ sí Bàbá. Bó bá wù yín, ẹ bú mi dáadáa níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà sí wọn létí. Mo mọ ibi tí màá fò tí n kò ní kà.