Odette Ló Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Mi

Abúlé wa, ọ̀nà Dabou
16 juin 1994

Olúbáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń wọ ọ́ lẹ́nu? Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì tí kò gba ti òjò oṣù kẹfà yìí. Ọlọ́run tó ń gbé ọkọ̀ òfurufú dúró lókè, tí kì í jẹ́ kó já lé yín lórí níbi iṣẹ́ yín ní Port-Bouët, òun náà ni yóò máa gbé ọ dúró. Ẹni tó bá ní kí o má gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò yẹ̀. Àmín.

Ilé dáadáa. Odette ìyàwó rẹ ń kí ọ. Kò sọ pé kí n kí ọ o, èmi ni mo sọ ọ́, torí pé bó ṣe yẹ kí lẹ́tà rí nìyẹn. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Búrẹ́dì ti wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gé owó sẹ́fà sí méjì ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn ará abúlé sì rò pé àwa la gé e, torí pé àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó la ni búùtíìkì tí wọ́n ti ń rajà.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí ọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, tí o ní kí n tètè lọ ṣe testament nítorí búùtíìkì, kí Ignace àbúrò bàbá rẹ má baà tún ti ilé wá kó gbogbo ọjà lọ bó ṣe kó ti bàbá rẹ nígbà tó kú, mo kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀rọ̀ Ignace kọ́ ló dùn mí, òótọ́ ni ìyẹn. O tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé takisí wòrò-wòrò kan wà tí wọ́n fẹ́ tà ní Williamsville, pé bí búùtíìkì bá ti di tìrẹ, o lè tà á fi ra ọkọ̀ náà. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní ó dáa, ọmọ mi ti ń fi mí wa takisí, èmi ò sì tíì kú.

Ṣùgbọ́n o rán mi níṣẹ́, mo sì jẹ́ ẹ. Mo mọ testament. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, torí pé àwọn ará Kútọnu tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Faransé ni wọ́n fi ń ka Bíbélì. Ancien Testament ni Májẹ̀mú Láéláé, Nouveau Testament ni Májẹ̀mú Titun. Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí tó kan búùtíìkì nínú méjèèjì. Mo bi pásítọ̀ wa, ó ní kí n mú méjèèjì lọ, kò sí èyí tí kò wúlò níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo fi aṣọ wé Bíbélì, èmi àti Odette wọ ọkọ̀ gbàkà, ó di Adjamé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà ní Abidjan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Williamsville tí o ń gbé, mi ò yà. Mo ń bínú.

Ọkùnrin tó ń ṣe ìwé ogún náà, nọ́tẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù bí inú fìríìjì, mo sì bi Odette bóyá wọ́n ń tọ́jú òkú síbẹ̀ ni, torí pé ọ̀rọ̀ òkú ni iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa, ọmọ Kétu kan tó ń jẹ́ Moufoutaou. Òun ni ì bá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé mo gbọ́ Faransé, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́tẹ́ẹ̀ béèrè bóyá mo ti ní testament kan tẹ́lẹ̀. Mo tú aṣọ, mo gbé Bíbélì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó rọra ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ti ṣe tuntun, tuntun ti pa ti àtijọ́ rẹ́. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ o, inú ti àtijọ́ ni òfin mẹ́wàá wà, ṣé ó wá ti di ohun tó dáa kéèyàn máa jalè ni? Ó ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ó kọ orúkọ mi, ó kọ ọjọ́ orí mi, ó kọ búùtíìkì àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, àwọn tó ń dúró sì ti kún orí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé bírò sókè, ó ní, "Qui vient après vous, Maman?" Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn yín, Màmá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọkùnrin sísanra kan tó ti fẹ́ já síwájú Odette, mo bá nawọ́ sí Odette.

"Odette ni. Òun ló wà lẹ́yìn mi látàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò rẹ̀."

Nọ́tẹ́ẹ̀ ní ó ti yé òun. Ó ní mo sọ ọ́ dáadáa, pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè sọ ọ́ báyẹn. Ó béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, mo sọ, ó kọ ọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń to èèyàn sórí ìlà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

Nígbà tó parí, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sí mi létí kí n tó fọwọ́ sí i, ó sì pe Moufoutaou kó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé èmi, pẹ̀lú làákàyè pípé, mo fi búùtíìkì àti ọjà inú rẹ̀ fún Odette aya ọmọ mi, kí ẹnikẹ́ni má gba ipò rẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Odette ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, pé ìwọ yóò sọ pé òun fi nǹkan sí mi lóúnjẹ. Moufoutaou bi mí pé ṣé kí àwọn pa á rẹ́ ni, Màmá.

Mo jókòó, mo rò ó. Ta ló ń jí ṣílẹ̀kùn fún oníbúrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́? Ta ló gbọ́ èdè Adjoukrou tí àwọn onílẹ̀ ń sọ, tó fi ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀ títí wọn yóò fi gbàgbé pé ọjà wọ́n? Ta ló mọ̀ pé ìyá Fatimata kì í fẹ́ kí wọ́n wọn ṣúgà fún òun lójú ọkọ rẹ̀? Mo wá orúkọ rẹ nínú gbogbo rẹ̀, ọmọ mi, mo wá a dáadáa. Ó sì ti pẹ́ tí o ti ní o ń lọ wá yàrá sílẹ̀ ní Abidjan, pé o ń bọ̀ wá mú ìyàwó rẹ. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Má rò pé mo lé ọ o. Nọ́tẹ́ẹ̀ ní ìpín kan wà tí òfin fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ìpín yẹn wà nínú búùtíìkì, ṣùgbọ́n mo ti ní kí Odette gbá igun tí a ń kó kẹrosíìnì sí, bóyá ibẹ̀ ni.

Moufoutaou tún sọ pé ìwé náà kò ní ṣiṣẹ́ àfi lọ́jọ́ tí mo bá kú. Mo ní irú ìwé wo ni èèyàn ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́rú? Mi ò sì fẹ́ kú kí n tó rí bí yóò ṣe ṣe é. Bí a ṣe délé ni mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Láti àná, ìta ni mo ń jókòó sí. Mo nawọ́ mú ṣúgà bí mo ṣe máa ń ṣe, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bínú títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí mo ṣe kọ́ Odette gan-an nìyẹn. Bébà tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo rà á ni.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ rèé. Nínú owó tí o ń kó jọ fún wòrò-wòrò, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe fún búùtíìkì, ìyẹn ti ní ọ̀gá. Èmi ni, torí pé mi ò ní ọjà mọ́, mo ti di ẹni tí ọmọ ń bọ́. Bí o bá lè mú un wá fúnra rẹ, ìyẹn ló dáa jù. Ṣùgbọ́n má gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí onílé. Gba iwájú búùtíìkì bí oníbàárà, kí ìyàwó rẹ, kí o sì dúró títí yóò fi bi ọ́ pé kí lo fẹ́. Ronú sí èsì rẹ dáadáa kí o tó wọkọ̀.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ọ lẹ́nu. Yóò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.